Ilé-ìwé júníọ̀ ìjọba ní Ìkòròdú: ìbéèrè àwọn òbí àti ìdáhùn

Tí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé, ìbéèrè kan náà làwọn òbí tuntun máa ń bi wá. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti mú gba júníọ̀ ìjọba kọjá ní Ìkòròdú, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ òbí fún ọdún bíi mélòó kan. Ohun tí mo máa ń dáhùn nìyí.

Kí ni júníọ̀, ọdún mélòó sì ni ọmọ máa lò níbẹ̀?

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama ni: JSS 1, JSS 2 àti JSS 3. Láti ọdún 1982 ni ètò yìí ti wà ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́fà ní pírámárì, mẹ́ta ní júníọ̀, mẹ́ta ní sínìọ̀, mẹ́rin ní yunifásítì. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 wá so pírámárì àti júníọ̀ pọ̀ di ọdún mẹ́sàn-án tó jẹ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ.

Ní Èkó, júníọ̀ àti sínìọ̀ sábà máa ń wà nínú ọgbà kan náà, àmọ́ pírínsípà wọn yàtọ̀. Ẹ ka àkọlé ara ọ́fíìsì kí ẹ tó jókòó. Mo ti rí ìyá kan tó dúró láti aago mẹ́jọ títí di mọ́kànlá lẹ́nu ọ̀nà pírínsípà sínìọ̀, nígbà tó jẹ́ pé JSS 1 lọmọ rẹ̀ wà.

Báwo ni ọmọ ṣe ń wọ JSS 1?

Ìdánwò tí gbogbo èèyàn ń pè ní placement ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é fún àwọn ọmọ pírámárì kẹfà, èsì rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pín ọmọ sí ilé-ìwé. Ọmọ tó bá wà ní pírámárì ìjọba, ilé-ìwé rẹ̀ ló máa ń bá a forúkọ sílẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé aládàáni náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n òbí gbọ́dọ̀ tètè béèrè, torí àwọn ilé-ìwé aládàáni kan kì í fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Wọn kò fẹ́ pàdánù ọmọ.

Model College, ilé-ìwé ìjọba Èkó tí ọmọ ń gbé, ní ìdánwò tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìdíje sì ni.

Ìwé wo ni kí n kó lọ́wọ́ lọ forúkọ sílẹ̀?

Ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ti National Population Commission, nọ́ńbà NIN, nọ́ńbà LASRRA (ti ìforúkọsílẹ̀ olùgbé Èkó), fọ́tò pélébé, èsì pírámárì kẹfà àti lẹ́tà tó sọ ilé-ìwé tí wọ́n pín ọmọ sí. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta nílé. Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, èrò tó wà nídìí ẹ̀rọ fótókọ́pì tó wà nítòsí géètì máa ń ju ti inú ọgbà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù ni orúkọ. Bí ìwé ọjọ́ ìbí bá kọ Aishat, tí èsì pírámárì kọ Aisha, tí NIN sì fi orúkọ bàbá ṣáájú, ẹ tún un ṣe báyìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ lẹ́tà T kan ṣoṣo yẹn lè kó o sí wàhálà nígbà tó bá fẹ́ ṣe WAEC tàbí JAMB. Orúkọ tó bá wọ rẹ́jísítà JSS 1 ló máa bá a dé òkè.

Wọ́n pín ọmọ mi sí ibi tó jìn sílé. Ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ lè béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà sí pírínsípà ibi tí wọ́n pín in sí, ẹ sọ àdúgbò yín àti ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ wádìí bóyá àyè wà níbi tí ẹ ń fẹ́. Ẹkùn ẹ̀kọ́ kejì ni Ìkòròdú wà, pẹ̀lú Kosọfẹ́ àti Ṣómólú, Maryland sì ni ọ́fíìsì wọn wà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú nílé-ìwé, ibẹ̀ ni ó máa dé.

Ẹ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá ti di àárín táàmù, àyè ti kún. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tó ń gbé Odógúnyán, tó ń lọ sí ilé-ìwé lápá Ìgbógbó, kórópe méjì ni yóò wọ̀ ní àárọ̀, méjì ní ọ̀sán, yóò sì tún sọdá títì Ṣágámù láàárín àwọn tírélà. Bí òjò bá ti rọ̀, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó ń pẹ́ lójoojúmọ́ kì í bá iṣẹ́ àkọ́kọ́ pàdé, ìṣirò ló sì sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́?

Owó ilé-ìwé kò sí. Látìgbà tí Lateef Jakande di gómìnà ní 1979 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Àmọ́ òbí ló máa ra yunifọ́ọ̀mù, bàtà, báàgì àti ìwé àkọsílẹ̀, òun náà ló máa fún ọmọ lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Owó ọkọ̀ ló ń gbẹ́mìí òbí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni.

Yunifọ́ọ̀mù: ẹ má rán an ṣe rẹ́gí. Ọmọ JSS 1 ń ga bí àgbàdo ìgbà òjò. Ẹ ní kí télọ̀ fi ìṣẹ́po sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ní kí ọmọ mú owó wá?

Òfin UBE ti 2004 sọ ọ́ kedere pé ọ̀fẹ́ ni ohun tí ilé-ìwé ń pèsè ní pírámárì àti júníọ̀ ìjọba. Ó tilẹ̀ ka àwọn nǹkan náà: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá gba owó lórí wọn lòdì sí òfin lè san owó ìtanràn tó tó 10,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ẹ̀yin náà ti rí i pé ohun tó wà nínú ìwé òfin àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì kì í fi gbogbo ìgbà bára mu.

Owó tí ìpàdé òbí bá fẹnu kò sí yàtọ̀. Bóyá láti tún páìpù omi ṣe, tàbí láti sanwó ọlọ́dẹ. Ẹ̀bùn ni, a kì í fipá gbà á, a kì í sì í fìyà jẹ ọmọ tórí rẹ̀. Nílé-ìwé kan tí ọmọ mi lọ, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tí kò mú owó ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ wá dúró síta nínú oòrùn. Tèmi wà níbẹ̀. Mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí pírínsípà, mo bi í pé lẹ́tà wo ló fàṣẹ sí owó náà, mo sì ní kí wọ́n fún mi ní rìsíìtì. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni gbogbo àwọn ọmọ náà padà sínú kíláàsì.

Ohun tí ẹ máa béèrè kò ju méjì yẹn lọ: lẹ́tà àti rìsíìtì. Ẹ má pariwo mọ́ tíṣà lójú ọmọ, torí tíṣà yẹn náà ni yóò kọ́ ọ lọ́la.

Ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì. Ṣé tèmi máa kọ́ nǹkan kan?

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Kò sí òbí tó dé JSS 1 lọ́sẹ̀ kẹta tí kò ní mí kanlẹ̀: ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba méjì, tíṣà kan níwájú, ohùn rẹ̀ ti há. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Kí Jakande tó dé, àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án torí àyè kò sí. Òun ló fòpin sí i, tó kọ́ àwọn kíláàsì gbọọrọ-gbọọrọ tí àwọn alátakò ń pè ní ilé adìyẹ. Ọ̀pọ̀ wa la jókòó nínú ilé adìyẹ yẹn, a sì mọ̀wé. Àwọn ọmọ ló tún ti pọ̀ ju ilé lọ báyìí, torí ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń kó wá sí Ìkòròdú.

Ọmọ á kọ́ nǹkan bí òbí bá ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí mo ṣí ìwé Basic Science ọmọ mi kejì. Ojú-ewé mẹ́ta àkọ́kọ́ kún dáadáa, ó fi bíírò pupa fàlà sábẹ́ àkọlé. Ní ojú-ewé kẹrin, ó kọ déètì, ó kọ àkọlé, ó fàlà sí i nídìí, ó tán síbẹ̀. Déètì mìíràn, àkọlé mìíràn, òfìfo. Bẹ́ẹ̀ ló lọ fún ojú-ewé méjìlá. Mo bi í léèrè. Ó ní ẹ̀yìn ni òun ń jókòó sí, òun kì í rí bọ́ọ̀dù, ojú sì ń ti òun láti sọ. Ọmọ mi ti ń wo ìpàkọ́ ọmọ ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò sì mọ̀.

Mo lọ bá tíṣà kíláàsì, ó gbé e wá síwájú lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ó ṣì ń fún ojú pọ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, awò ló nílò.

Láti ìgbà yẹn, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ìwé nílé wa. Gbogbo ìwé á jáde sórí ẹní. Ẹ̀yin tí ẹ kò ka ìwé púpọ̀ náà lè ṣe é. Ẹ wo déètì, ẹ wo máàkì pupa tíṣà, ẹ wo ibi tó ṣófo. Òfìfo kò ṣòro láti kà.

Ṣé dandan ni lẹ́sìnnì?

Kì í ṣe dandan. Bí tíṣà bá sọ pé ọmọ tí kò bá wá sí lẹ́sìnnì òun kò ní gba máàkì, ẹ lọ bá igbákejì pírínsípà. Ọmọ tí ìṣirò bá ń yọ lẹ́nu lè jàǹfààní lẹ́sìnnì ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ládùúgbò. Èyí tí kò bá yọ lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ipò kìíní ló ń ṣe ní pírámárì, ó wá di ipò kẹtàdínláàádọ́ta. Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ti kú ni?

Rárá o. Àwọn tó ń ṣe ipò kìíní láti pírámárì mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pàdé nínú kíláàsì kan. Iṣẹ́ tó ń kọ́ náà ti pọ̀ sí i, tíṣà kọ̀ọ̀kan sì ń wọlé fún iṣẹ́ tirẹ̀. Táàmù àkọ́kọ́ máa ń gbo ọmọ.

Ẹ gbàgbé ipò, ẹ wo bí máàkì ṣe pín. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ogójì máàkì ló wà fún tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ àṣetiléwá, ọgọ́ta fún ìdánwò. Ọmọ tó gba 12 nínú ogójì, tó wá gba 45 nínú ọgọ́ta, mọ ìwé. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni kì í ṣe, tàbí kì í fi sílẹ̀ fún tíṣà. Ìyẹn kò la ẹkún lọ, kẹ́ ẹ máa béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá lálaalẹ́ ló kù.

Ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ṣé wọ́n máa fi dandan kọ́ ọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin tí ìjọba Èkó fọwọ́ sí ní 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan nílé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Mo ti rí ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ègùn tó gba máàkì ju ọmọ bíbí Ìkòròdú lọ, torí wọn kò rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Àmì ohùn àti òǹkà ló ń bì wọ́n ṣubú. Ẹ fi òǹkà kọ́ wọn nílé. Bí ẹ bá ń ka owó, ẹ kà á ní Yorùbá. Ọmọ tó bá ń gbọ́ márùndínláàádọ́rin lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò ní máa fi ìka wá a kiri nínú ìdánwò.

Ṣé ọmọbìnrin mi lè lo híjáàbù?

Ó lè lò ó. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ló dá a láre ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022, nínú ẹjọ́ tó jẹ́ ti ilé-ìwé ìjọba Èkó gan-an. Ẹ béèrè àwọ̀ àti ìwọ̀n tí ilé-ìwé fẹ́, kó bá yunifọ́ọ̀mù mu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó ṣí i kúrò, ẹ fi sùúrù rán an létí ìdájọ́ náà.

Lọ́jọ́ Orò ńkọ́?

Ará Ìkòròdú mọ̀ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí obìnrin kì í jáde. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Ọmọbìnrin yín á dúró sílé, àwọn tíṣà obìnrin náà ò sì ní lè jáde. Kí ọmọ ya ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin lọ́jọ́ kejì láti kọ ohun tó kọjá. Bí tẹ́ẹ̀sì bá bọ́ sí ọjọ́ náà, ẹ rán tíṣà létí ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò, ẹ bi onílé yín, ẹ má rán ọmọ jáde kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá.

Ọmọbìnrin mi máa ń pa ilé-ìwé jẹ lóṣooṣù. Kí ni ṣíṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí, àwọn bàbá náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rí nǹkan oṣù fúngbà àkọ́kọ́ ní JSS 1 tàbí JSS 2. Ilé ìyàgbẹ́ lè má ní omi, ilẹ̀kùn rẹ̀ lè má ṣeé tì, ọmọ á wá yàn láti jókòó sílé. Ọjọ́ mẹ́rin lóṣù kan, ìyẹn á ti di ọjọ́ méjìlá láàárín táàmù.

Ẹ di àpò kékeré kan sínú báàgì rẹ̀: páàdì méjì, pátá kan, ọṣẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rá dúdú. Ẹ fi tíṣà obìnrin kan hàn án tó lè sá tọ̀. Kẹ́ ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ omi dé ìpàdé òbí. Lọ́dún tí a gbé e dé ibẹ̀ níbi tí mo wà, bàbá kan tó jẹ́ púlọ́ńbà ló dìde pé òun á fa omi wá láti ọ̀dọ̀ sínìọ̀, ó sì ṣe é lọ́jọ́ Sátidé.

Tíṣà na ọmọ mi títí ara rẹ̀ fi lé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tọ́jú ọmọ ná. Ẹ ya fọ́tò ojú ibẹ̀, ẹ gba ìwé dókítà, kẹ́ ẹ tó lọ bá pírínsípà pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Èkó láti 2007. Ẹ má kó jàǹdùkú lọ lu tíṣà. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ yí padà, tí ẹ̀yin di ọ̀daràn.

Bó bá jẹ́ pé àgbàlagbà kan fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, kò sí ìpàdé ẹbí, kò sí ẹ̀bẹ̀ láàfin. Ẹ má wẹ̀ fún ọmọ, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, lẹ́yìn náà àgọ́ ọlọ́pàá àti DSVA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó irú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ tún un sọ lọ́jọ́ kejì.

Mo ń fura pé wọ́n fẹ́ fa ọmọ mi sẹ́gbẹ́ òkùnkùn.

Ẹ má dúró dìgbà tí ó bá dá yín lójú. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní júníọ̀ báyìí. Ẹ wo owó tí ẹ kò fún un, fóònù tí kò lè sọ bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, orúkọ ìnagijẹ tuntun, ọ̀nà kan tó ń bẹ̀rù láti gbà. Láti 2021, òfin Èkó ti sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún fún ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgba. Ẹ jókòó tì í lálẹ́, iná ti kú, kò ní rí ojú yín, ẹ bi í pé ta ló ń dẹ́rù bà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìbẹ̀rù ló gbé wọn wọ ibẹ̀. Ẹ rí kansẹ́lọ̀ ilé-ìwé níkọ̀kọ̀. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ pààrọ̀ ilé-ìwé lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ láàárín táàmù, kódà kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́ ni ẹ máa gbé e lọ.

Ṣé kí n gbìyànjú Model College dípò júníọ̀ àdúgbò?

Bí ọmọ bá yege, tí agbára yín sì ká a, ẹ lọ. Igbókúta ló sún mọ́ wa jù. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ọmọ ń gbé ni, owó ibùgbé sì ti gòkè láti 35,000 náírà sí 100,000 náírà fún táàmù kan ní 2024. Ẹ béèrè nípa ààbò pẹ̀lú. Àwa òbí kò tíì gbàgbé ọmọ mẹ́fà tí wọ́n jí gbé ní Model College Ìgbónlá, ní Ẹ̀pẹ́, ní oṣù Karùn-ún 2017, tí wọ́n lò ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ lọ́wọ́ ajínigbé. Èmi kò rán tèmi lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo ṣì fẹ́ máa rí ojú rẹ̀ lálaalẹ́.

Ọmọ mi ní òun ò lọ mọ́, iṣẹ́ lòun fẹ́ kọ́.

Lábẹ́ òfin UBE, òbí ló máa jẹ́jọ́ bí ọmọ kò bá parí júníọ̀: ìbáwí lákọ̀ọ́kọ́, 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan lẹ́ẹ̀kejì, 5,000 náírà tàbí oṣù méjì lẹ́yìn náà. Mi ò tíì rí òbí tí wọ́n gbé torí rẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀rù ọlọ́pàá lẹ máa fi dá ọmọ padà.

Ẹ wádìí ohun tó ń lé e. Èyí tó bá ní òun ò lọ mọ́ ní JSS 2, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n kà ni. Ẹ gbé ìwé Yorùbá tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì lé e lọ́wọ́, kó ka ìlà márùn-ún fún yín sókè. Bó bá ń kólòlò lórí ọ̀rọ̀ tí ọmọ pírámárì kẹta ń kà, ẹ ti rí i. Ẹ wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní kíkà nìkan, wákàtí kan lójúmọ́, kó má ṣe níwájú àwọn àbúrò rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ló wù ú lóòótọ́, kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà ọlidé, kó ṣe Júníọ̀ WAEC ní JSS 3, kó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Technical College ìjọba wà ní Ìkòròdú níhìn-ín, níbi tí ọmọ ti lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn júníọ̀, tí á sì tún máa kàwé lọ. Ẹ mú un lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tó ṣì wà ní JSS 2, kó fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọ tó ń jó irin àti àwọn tó ń so wáyà iná.